Ọkọ̀ Onírédíò àti Ọ̀ràn Èsì

Àwọn tí ó kọ́kọ́ pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Rẹ̀dífúṣọ̀n ní Èkó. Àpótí kékeré ni, wáyà ni ohùn ń gbà wọ inú rẹ̀ láti ibùdó ìjọba, ẹni tí ó bá sì gbà á sílé ní láti máa san owó lé e lórí. Ohùn Lọ́ńdọ̀nù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń gbé jáde. Bí ó bá kéde òfin titun, onílé lè bú u, ó lè pòṣé sí i, ó lè yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò ní í mọ̀. Ọba Yorùbá pàápàá kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Aláàfin ní ìjòyè méje tí wọ́n ń jẹ́ Ọ̀yọ́mèsì, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń túmọ̀ sí ‘Ọ̀yọ́ mọ èsì’. Ìjọba tí ó sọ àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní orúkọ èsì kò lè ṣàì rí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú àpótí tí kò mọ èsì. Nítorí náà, mo gbà pé orúkọ tí a fún àpótí náà ju àpèjúwe lọ. Àríwísí ni.

Irú rédíò kejì ni mo fẹ́ kọ àròkọ yìí lé lórí, èyí tí ń sọ tí ó sì ń gbà. Àwọn ọlọ́pàá ní in, àwọn panápaná ní in, àwọn awakọ̀ òfuurufú ní in, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń dúró ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ní in. Wọ́kì-tọ́kì ni a ń pe èyí tí ó ṣeé gbé lọ́wọ́ nínú wọn. Bí a bá tẹ̀lé bí àwọn baba wa ti ń ṣẹ̀dá orúkọ, asọ̀rọ̀gbèsì ni ó yẹ kí a máa pè é. Ìkẹta tún wà tí wọ́n ń pè ní skánà. Ẹ̀rọ yìí a máa na etí láti orí ìgbì kan dé òmíràn, a sì dúró níbi tí ó bá ti pàdé ohùn, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu tí yóò fi sọ nǹkan kan. Agbọ́máfèsì ni èmi yóò pè é. Àwọn ènìyàn kan wà, ní Èkó àti ní òkè òkun, tí wọ́n máa ń kó irú ẹ̀rọ méjèèjì yìí, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara wọn, láìjẹ́ ọlọ́pàá, láìjẹ́ panápaná. Mo fẹ́ yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ère tàbí ewì wò. Kí ni ó ń sọ? Ta ni ó ń bá wí? Ǹjẹ́ ohun tí ó ń sọ tó iye tí a ná lé e lórí?

Ní Ẹgbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, mo mọ bàbá kan tí wọ́n fi iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì jẹun títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Peugeot 504 ni wọ́n ń wà nígbà náà. Èríà mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀, gígùn wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé ẹ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣirò ni. Bí ìgbì bá ti gùn tó ni ọ̀pá tí yóò mú un ṣe ní láti gùn tó, ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì náà ni ó sì rọrùn jù láti gbé sórí ọkọ̀. Ìgbì 27 MHz gùn tó nǹkan bíi mítà 11, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì sún mọ́ mítà 3. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ká wáyà mọ́ ìdí ọ̀pá rẹ̀ kí ó lè kúrú. Ìgbì 150 MHz gùn ní mítà 2, ààbọ̀ mítà sì tó fún ọ̀pá tirẹ̀. Ti 450 MHz kò gùn ju bírò ìkọ̀wé lọ púpọ̀.

Nínú ọkọ̀ náà, rédíò méjì ni wọ́n dè mọ́ abẹ́ dásíbọ́ọ̀dù, skánà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Orí bátírì gan-an ni wọ́n ti fa wáyà tí ó nípọn wá, wọ́n sì fi fíúsì sí ìdí rẹ̀, nítorí pé rédíò tí ń fi 50 wáàtì sọ̀rọ̀ lè fa iná tó ti iná iwájú ọkọ̀ méjèèjì. Wọ́n ya àwọn ọ̀pá náà nípá sí ara wọn. Bí rédíò kan bá ń sọ̀rọ̀ nítòsí, èyí tí ń gbọ́ a di adití fún ìgbà náà. Kò sí wáyà kan tí ó so kọ́rọ́, kò sí ibi tí irin ti dípẹtà. Bí a bá ń wá iṣẹ́ ọnà tí olùṣe rẹ̀ mọ ìdí ohun gbogbo tí ó fi sí i, ẹ má ṣe kọjá ọkọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà kì í dá dúró. Ojú tí ìlú fi ń wò ó wà lára rẹ̀. Ní Èkó, ọkọ̀ tí ó bá gbé èríà púpọ̀ kì í sọ fún aráyé pé ẹni tí ń wà á mọ ìṣirò. Ohun tí ó ń sọ ni pé, ‘Ẹ yà fún mi.’ Ọdún púpọ̀ ni àwọn ológun fi ṣe ìjọba lórí wa, a sì kọ́ láti máa ka ọ̀pá orí ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ìlà ojú: ọ̀pá kan, ọ̀gá ni, ọ̀pá mẹ́ta, ẹ sá. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí fóònù alágbèéká GSM dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, àwọn ìlà tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn tí ń gbé orílẹ̀-èdè náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ẹni tí ó bá lè sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ nígbà náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà ni àwọn kan fi máa ń ra ọ̀pá láìra rédíò. Mo ti rí ọkọ̀ kan rí ní oríta Ìkòtún tí ó gbé èríà mẹ́ta lórí, tí kò sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀ ju èyí tí ń kọrin lọ. Àfarawé ni, bí ẹni tí ó wọ aṣọ eégún tí kò mọ iwì kan ṣoṣo. Síréènì tí ń ké lórí ọkọ̀ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ kan náà ni. Babatunde Fashola, gómìnà Èkó láti 2007 sí 2015, kò lo síréènì ní ojú pópó, àwọn ará ìlú kò sì dẹ́kun sísọ ọ́. Ìwọ̀nba ohun tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa ṣe ti di ohun ìyanu láàrin wa.

Ẹ jẹ́ kí n yin asọ̀rọ̀gbèsì kí n tó bá a wí, nítorí ẹ̀kọ́ ìwà kan wà nínú rẹ̀ tí fóònù kò ní. Lórí ìgbì kan, ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnì ń sọ, gbogbo àwọn tí ó kù sì ń gbọ́; bí ẹni méjì bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ariwo lásán ni yóò jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá parí ọ̀rọ̀ ní láti sọ pé òun ti parí, kí ẹlòmíràn tó gbà á. Àwọn oníjàálá mọ ìlànà yìí kí a tó bí ẹni tí ó ṣe rédíò. Adébóyè Babalọlá, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, ṣe àlàyé bí àwọn ọdẹ ti ń ṣọ́ ara wọn lójú agbo: bí ẹnìkan bá ń sun lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já lù ú, bí ẹlòmíràn bá gbọ́ irọ́ tàbí àṣìṣe nínú ohun tí ó sun, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ síta, ẹni àkọ́kọ́ yóò sì dáhùn níwájú gbogbo ènìyàn. Agbo ìjálá, ìgbì kan ṣoṣo ni. Bákan náà ni àmì ọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà a máa fi òǹkà pe ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sọ pé ‘10-4’ ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbọ́. Ó lè ya ará Amẹ́ríkà lẹ́nu pé àwa náà ń fi òǹkà sọ̀rọ̀ nígbà tí owó ẹyọ ń bẹ lóde: ẹyọ mẹ́fà lórí okùn ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tí a fi àrokò ránṣẹ́ sí kò sì gbọdọ̀ dákẹ́. Òun náà yóò di tirẹ̀ padà.

Ní Amẹ́ríkà ni àṣà ọkọ̀ onírédíò ti gbilẹ̀ jù. Ní 1958 ni ìjọba ibẹ̀ ya ìgbì 27 MHz sọ́tọ̀ fún mẹ̀kúnnù, wọ́n sì ń pè é ní CB. Nígbà tí epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n ní 1973, tí òfin sì dé ní 1974 pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 55 lọ ní wákàtí kan, àwọn awakọ̀ akẹ́rù rọ́ wọ orí ìgbì náà. Wọ́n ń sọ ibi tí epo wà fún ara wọn, wọ́n sì ń sọ ibi tí ọlọ́pàá lúgọ sí. Olúkúlùkù ní inagijẹ tí ó ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Orin kan tí C. W. McCall kọ ní 1975 lórí wọn gbajúmọ̀, Sam Peckinpah sì fi orúkọ orin náà, Convoy, ṣe sinimá ní 1978. Nígbà tí ó di 1977, ìkànnì 23 tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ti di 40. Ní 1983, ìjọba kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn mọ́. Nínú sinimá, ọ̀tẹ̀ sí ọlọ́pàá ni rédíò wà fún, ọ̀tẹ̀ sì dùn ún wò. Ohun tí sinimá kò fi bẹ́ẹ̀ fi hàn ni ìkànnì kẹsàn-án, tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá wà nínú ewu, àti ẹgbẹ́ REACT tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 kí àwọn olùyọ̀ǹda ara lè máa jókòó ti ìkànnì náà láti dá ẹni tí ó bá ké lóhùn. Títí di òní, àwọn tí ń kó rédíò púpọ̀ sínú ọkọ̀ níbẹ̀ láti máa ṣọ́ ìjì ń ròyìn ohun tí wọ́n rí fún ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọ́fíìsì náà ń gbọ́, ó sì ń fi ohun tí ó gbọ́ kìlọ̀ fún ìlú. Ọ̀pá tí ó wà lórí ọkọ̀ wọn, ìdajì iṣẹ́ ni; ìdajì kejì wà lórí tábìlì ẹnìkan tí a ń san owó oṣù fún kí ó lè dáhùn.

Àwa náà ní CB tiwa, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Kọ́ńdọ́kítọ̀ dánfó tí ń lọ láti Ìkòtún sí Ìyánà Ìpájà a máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀; awakọ̀ mọ èyí tí ó ní kí òun dúró, ó mọ èyí tí ó ní kí òun máa lọ, ìró ẹ́ńjìnnì sì ni èsì rẹ̀. Awakọ̀ tí ń bọ̀ láti Ìgàndò a tan iná iwájú lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tí ń lọ, a sì fi ìka yí afẹ́fẹ́ ká, kí ẹni ọ̀hún lè mọ̀ pé àwọn LASTMA tàbí ọlọ́pàá wà níwájú. Ẹni tí a kìlọ̀ fún a gbé ọwọ́ sókè, ó ti dúpẹ́, ó sì ti di ojúṣe rẹ̀ láti kìlọ̀ fún ẹni tí ó tún kàn. Èdè ni èyí, ó ní ìlànà, ó ní èsì. Nígbà tí ìjọba Èkó dá ilé iṣẹ́ rédíò tí ń sọ nípa ojú pópó sílẹ̀ ní 2012, Traffic Radio 96.1, àwọn awakọ̀ tí ń fi fóònù pè wọlé láti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ó sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn ń gbọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́ láti gba èsì, ó sì wúlò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo agbọ́máfèsì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù, nítorí Yorùbá ní òfin nípa etí. Ẹni tí ó bá dúró sẹ́yìn ògiri fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ojú olè ni a fi ń wò ó, bí kò tilẹ̀ mú nǹkan kan lọ. Ní ilẹ̀ wa lónìí, òfin kò gba ènìyàn láyè láti lo ìgbì láìgba ìwé àṣẹ. Àjọ NCC tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992 ní ọwọ́ nínú pípín ìgbì, àwọn tí ń fi rédíò ṣe eré ìdárayá pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gba àṣẹ àti orúkọ ìpè tí 5N bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ará Tógò ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5V. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń pa skánà lẹ́nu mọ́: àwọn ọlọ́pàá ọ̀pọ̀ ìlú ní ayé ti ń fi ẹ̀rọ díjítà dí ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ní í gbọ́ ju ìró bí òjò lórí páànù lọ. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ bàbá Ẹgbẹ́dá, ohun tí mo gbọ́ kò ju àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan tí ń bi ara wọn bóyá oúnjẹ ti dé, àti ohùn àwọn awakọ̀ òfuurufú tí ń sún mọ́ pápákọ̀ Ìkẹjà, àwọn tí ìgbì tiwọn wà láàrin 118 àti 137 MHz.

Mo bi wọ́n pé, ‘Bàbá, bí ẹ bá pe ènìyàn lórí èyí tí ń sọ̀rọ̀, ta ni ń dá yín lóhùn?’

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, ‘Tíṣà, n kì í pe ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ pè? Mo kàn fẹ́ máa mọ ohun tí ń bọ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà mi ni.’

Ìdáhùn yìí ni ó yí ọ̀nà tí mo fi ń wo ọkọ̀ náà padà. Asọ̀rọ̀gbèsì méjì ni ó wà nínú rẹ̀, èkejì kò sì wúlò ju ìkíní lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó wà ní òdì kejì. Gbogbo ọkọ̀ náà ti di agbọ́máfèsì. Mo sì wá rí i pé n kò lè fi òfin etí nìkan dá bàbá lẹ́jọ́. Ẹni tí a kì í sọ nǹkan fún ni ó máa ń fetí kọ́. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1990, nígbà tí àwọn ológun kan gba ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí láti kéde ìdìtẹ̀gbàjọba tí kò yọrí sí rere, àwọn ará Èkó gbọ́ ìkéde kan, wọ́n tún gbọ́ òdì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ yóò máa wá etí kún etí.

Kí a sì rántí ohun tí ó wà nílẹ̀ ní Alímòṣọ́. Ìkànìyàn 2006 fi hàn pé àwọn ènìyàn 1,277,714 ni ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ yìí, òun ni ó sì pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkà náà. Páìpù epo rọ̀bì gba abẹ́ ilé àti ọ̀nà wọn kọjá. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an, ní Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn olè ti lu páìpù ní òru, àwọn aládùúgbò sì jáde wá bu epo. Iná sọ, àwọn tí ó kú lé ní igba. Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, ní Ìjẹ̀gún, katakata tí ń la ọ̀nà kọ lu páìpù. Iná tún sọ, àwọn ọmọ iléèwé wà lára àwọn tí ó fara gbá. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkòtún, ènìyàn 116 sì kú.

Mo máa ń ronú lórí Abúlé Ẹ̀gbá jù lọ. Wákàtí púpọ̀ ni ó wà láàrin ìgbà tí epo bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde àti ìgbà tí iná sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ pé epo ń tú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kì bá tí gbé kẹ́ẹ̀gì jáde. Kò sí àìgbọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí a sọ fún, tí yóò ti páìpù, tí yóò rán àwọn panápaná, tí yóò sì wá fi agbóhùnsókè lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn, òun ni kò dé kí iná tó dé. Ní Ìjẹ̀gún ẹ̀wẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ẹni tí ó wà lórí katakata lè bi ẹnìkan kí ó tó ki irin bọlẹ̀: ibo ni páìpù gbà? Rédíò olówó pọ́ọ́kú tó fún un láti béèrè. Ohun tí ó wọ́n ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá a lóhùn.

Àwọn kan yóò sọ pé GSM ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé ọwọ́ púpọ̀ ni fóònù wà lónìí, àti pé ìjọba Èkó ti ní nọ́ńbà 767 àti 112 fún pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n fóònù ń so etí kan mọ́ etí kan ni. Nígbà tí ewu bá dé tí gbogbo àdúgbò ń pe àwọn ẹbí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀nà fóònù a kún, a sì ṣú. Lórí rédíò, ẹnìkan sọ ọ́, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ, kò sì ṣe ohunkóhun fún ìgbì bí àwọn tí ń gbọ́ bá jẹ́ mẹ́wàá tàbí ẹgbẹ̀rún. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà wà lóde, tí ìbẹ̀rù àwọn adigunjalè gba àwọn àdúgbò Èkó kan, àwọn ọkùnrin jáde lóru, wọ́n dá iná táyà, wọ́n sì ń ṣọ́ òpópónà wọn. Àgékù ọ̀rọ̀ ń fò lórí WhatsApp láti àdúgbò dé àdúgbò, èyí tí ó jẹ́ òótọ́ àti èyí tí ó jẹ́ irọ́ ní àwọ̀ kan náà. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe bí oníjàálá, kí ó dá ẹni tí ń sun irọ́ dúró lójú agbo.

Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ iyì rédíò. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà tọwọ́ bọ̀wé lórí ètò ìbánisọ̀rọ̀ fún ààbò ìlú, 470 mílíọ̀nù dọ́là ni iye rẹ̀, kámẹ́rà tí wọn yóò gbé kọ́ sí Àbújá àti Èkó sì wà nínú rẹ̀. Àwọn aṣòfin ti ṣe ìwádìí lórí ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Bí mo bá gbé ètò ńlá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Peugeot bàbá Ẹgbẹ́dá, ohun kan náà ni mo rí nínú àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ná ìlú ní òbítíbitì owó, tí èkejì sì ná bàbá ní owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀. Wọ́n ra etí, wọ́n ra ojú, wọ́n ra ọ̀pá. Bàbá kò lè ra ẹni tí yóò fèsì. Ìjọba lè gbà á síṣẹ́, kò sì gbà á. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kò lè dá bàbá lẹ́bi.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà nínú ìtàn wa tí ó fi ọ̀nà hàn. Ní oṣù Kẹwàá 1965, ẹnìkan wọ ilé iṣẹ́ rédíò ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn, ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ tí Olóyè Akíntọ́lá ti gbà sílẹ̀. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sí kóòtù lórí rẹ̀, kóòtù sì dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ẹni yòówù tí ó ṣe é, ó fi ipá gba èsì lọ́wọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní 1988, Ṣóyínká kan náà ni ó di alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC. Àjọ náà gba àwọn olùyọ̀ǹda ara, tíṣà, oníṣòwò, amòfin, tí wọ́n ń fi àkókò àti ọkọ̀ ara wọn ṣiṣẹ́ ìlú. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ tí ènìyàn ní láti ṣọ́ ìlú ti rí ẹgbẹ́, ó rí ọ̀gá tí yóò jíṣẹ́ fún, ó rí òfin tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Kò di ọ̀tẹ̀ bí ti sinimá Peckinpah, kò sì di àfarawé bí ti ọkọ̀ oríta Ìkòtún.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ọkọ̀ bàbá Ẹgbẹ́dá dára, ó sì kù ní ìdajì. Ìdajì tí ó kù náà kì í ṣe iṣẹ́ bàbá. Láti 2003 ni a ti pín Alímòṣọ́ sí ẹ̀ka ìṣàkóso ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ẹgbẹ́-Ìdímù, Ìkòtún-Ìgàndò àti àwọn yòókù. Olúkúlùkù ní sẹ́kítéríàtì, ó ní alága, ó ní ọkọ̀ alága. N kò béèrè kámẹ́rà lọ́wọ́ wọn. Yàrá kan ni mo ń béèrè ní sẹ́kítéríàtì kọ̀ọ̀kan, kí tábìlì wà nínú rẹ̀, kí rédíò wà lórí tábìlì, kí ìgbì rẹ̀ jẹ́ èyí tí òfin fọwọ́ sí, kí àwòrán ibi tí páìpù gbà wà lára ògiri, kí ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru tí yóò máa dáhùn. Kí a fún àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò ní ẹ̀rọ tí ó bá a mu, kí a sì kọ́ wọn ní ìlànà agbo ìjálá: ẹnìkan ń sọ, àwọn yòókù ń gbọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ pé irọ́ ni yóò wí i. Kí a pe irú àwọn bàbá báyìí láti wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń fa wáyà láti orí bátírì tí kò ní í jó ọkọ̀. Iye tí yàrá mẹ́fà bẹ́ẹ̀ yóò gbà kò lè tó iye tí a fi sin òkú lẹ́yìn iná kan ṣoṣo. Nígbà náà, bí bàbá bá tún gbọ́ ohun tí ń bọ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọn yóò tẹ bọ́tìnì, wọn yóò sì rí ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún.